Ìkòkò Tó Wà Nílé

Ẹnu ara mi ni mo fi sọ ọ́. "Màmá, ẹ má ṣèyọnu, ìkòkò wà nílé. Ó tiẹ̀ pọ̀." Ìyá ìyàwó mi ni mò ń bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Oyún ọmọ wọn ti wọ oṣù ìbí, wọ́n ń palẹ̀ mọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti wá bá wa ní Ìpọ̀nrí, wọ́n sì fẹ́ mọ̀ bóyá kí àwọn ra ìkòkò kékeré tí a máa fi sin ibi ọmọ bọ̀ lọ́nà. Mi ò purọ́ fún wọn o. Ìkòkò wà nílé wa lóòótọ́. Ẹja ni mo rà wọ́n fún.

Iṣẹ́ wíńdò ni mò ń ṣe, ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Múṣín. Ẹni tó bá ń gé gíláàsì fún wíńdò kò lè ṣàìní àjẹkù gíláàsì. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń ta tiwọn fún àwọn tó ń ṣe férémù fọ́tò. Èmi máa ń fi gọ́ọ̀mù lẹ tèmi pọ̀, mo fi ń ṣe àpótí tí ẹja ń gbé inú rẹ̀. Òmíràn máa ń jò. Èyí tí kò bá jò, mo gbé e wá sílé. Nígbà tí mo fẹ́yàwó, ọ̀kan péré ló wà ní pálọ̀. Nígbà tí ìyàwó mi fi máa lóyún, wọ́n ti pọ̀ débi pé a gbé àga kan síta nítorí wọn, òjò sì ti pa àga yẹn bàjẹ́.

Oníbàárà kan ní Sùúrùlérè ló fún mi ní irú ẹja tí mò ń sọ yìí. Ó ń kó lọ sókè òkun, kò rí ẹni kó wọn fún, ó ní kí n máa kó wọn lọ. Ẹja náà kì í tóbi. Ó dúdú, àmì funfun wínníwínní wà lára rẹ̀, abẹ́ orí ni ẹnu rẹ̀ wà, ẹnu yẹn ló fi máa ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì, tí á máa lá ohun aláwọ̀ ewé tó bá hù síbẹ̀. Akọ wọn ló wá ṣàrà. Irùngbọ̀n hù sí i nímú títí dé iwájú orí, irùngbọ̀n tó pẹ̀ka, tó rí bíi gbòǹgbò àlùbọ́sà tó ti pẹ́ nínú apẹ̀rẹ̀. Abo kì í fi bẹ́ẹ̀ ní. Àwọn tó ń ta ẹja ní orúkọ òyìnbó tí wọ́n ń pè é. Nílé wa, onírùngbọ̀n la ń pè é.

Mo fẹ́ kí wọ́n bímọ. Ó tiẹ̀ ti di ọ̀rọ̀ ìjà láàárín èmi àti wọn. Ìṣe wọn rèé: akọ á wá ihò kan, á fi ẹnu fọ inú rẹ̀ mọ́ tónítóní, á wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà bíi bàbá onílé. Bí ihò náà bá wu abo, á wọlé, á yé ẹyin, á bá tiẹ̀ lọ. Ó parí. Kò tún ní yẹjú wò wọ́n mọ́. Akọ ló máa dúró. Á máa fi lẹbẹ fẹ́ omi sí ẹyin lára tọ̀sán-tòru, á máa ṣa èyí tó bá bàjẹ́ kúrò, kò ní jáde wá jẹun títí àwọn ọmọ á fi pa, títí àpò oúnjẹ tó so mọ́ wọn níkùn á fi tán tí wọ́n á lè dá jáde.

Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n yé, mo rò pé bàbá wọn fẹ́ jẹ wọ́n ni. Mo lé e jáde, mo kó ẹyin sínú abọ́. Kí n tó mọ̀, òwú funfun ti hù bò wọ́n, gbogbo rẹ̀ rà. Nígbà kejì, mo fi wọ́n sílẹ̀ fún un. Wọ́n pa, wọ́n jáde, inú mi dùn dé orí. Mo ń fún wọn lóúnjẹ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ bíi ti àwọn àgbà. Àṣé ńṣe ló yẹ kí ọmọ wọn máa jẹun ṣáá, ikùn wọn kéré, kò gba nǹkan púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ikùn wọn ń wọlé lọ lójú mi, mi ò mọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Gbogbo wọn kú pátá. Ọjọ́ tí mo kó èyí tó kẹ́yìn dànù, mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ìyàwó mi ní, "Ẹja nìyẹn o." Mo ní mo mọ̀ pé ẹja ni. Ṣé ẹni tí adìyẹ rẹ̀ kú kò mọ̀ pé adìyẹ ni?

Páìpù ni mo fi ń ṣe ihò fún wọn tẹ́lẹ̀. Ẹnì kan tó ń sin ẹja ní Yábàá ló ní kí n lọ ra ìkòkò amọ̀, pé ara akọ máa ń balẹ̀ nínú amọ̀. Mo rà á ní ọjà Ojúwòyè, oríṣiríṣi, mo rẹ wọ́n sómi, mo ń gbé wọn sínú àpótí níkọ̀ọ̀kan. Akọ mi yẹ̀ wọ́n wò bí ẹni tó ń wá ilé rẹ́ǹtì. Á wọ èyí, á jáde, á wọ tọ̀hún, á tún jáde. Ọ̀kan tí ẹnu rẹ̀ há ló mú. Mo kó àwọn yòókù sínú páálí, mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìkòkò tó wà nílé nìyẹn.

Ìyá ìyàwó mi kì í ṣe èèyàn tó máa ń pariwo. Ó máa ń ṣe mí bíi pé kí wọ́n tiẹ̀ pariwo. Aránṣọ ni wọ́n, wọ́n máa ń wo èèyàn bíi pé wọ́n ń fojú wọ̀n ọ́n. Àwọn nìkan ló tọ́ ìyàwó mi. Ẹ̀yìn wọn ló wà nígbà tí bàbá rẹ̀ ní òun ń lọ wá iṣẹ́ ní Kàdúná. Kò padà wá di òní. Ìtàn yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ sọ fún mi lọ́jọ́ tí mo lọ tọrọ ọmọ lọ́wọ́ wọn. Wọn ò sunkún, wọn ò bú u. Wọ́n kàn sọ ọ́ kí n gbọ́ ni.

Ọjọ́ tí wọ́n dé, wọn ò tíì sọ báàgì kalẹ̀ tí wọ́n ti dúró níwájú àpótí ẹja. Omi inú rẹ̀ pọ́n, nítorí igi kan tí mo rẹ síbẹ̀. Àwọn ẹja yìí fẹ́ràn kí wọ́n máa họ igi jẹ.

"Àna mi, ẹ kú ilé o. Àgbo kí lẹ rẹ síbí?"

"Ẹja ló wà níbẹ̀, mà. Igi ló mú kí omi pọ́n."

"Igi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n ń jẹ ẹ́."

"Ẹja yín ń jẹ igi." Wọ́n yíjú sí ọmọ wọn. "Ìwọ ńkọ́, kí ni wọ́n ń fún ọ jẹ?"

Ìyàwó mi bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó dùn mí.

Kò pẹ́ tí wọ́n rí elégédé tí mo fi pamọ́ sínú fíríìjì fún ẹja, wọ́n sì fi se ọbẹ̀. Ọbẹ̀ náà dùn, kí n má jẹ̀bi Ọlọ́run. "Elégédé tó dáa báyìí," ni wọ́n ń sọ bí a ṣe ń jẹ ẹ́, "ẹja ni wọ́n rà á fún." Mo lọ ra òmíràn, mo gbé e pamọ́ sí ṣọ́ọ̀bù.

Ìṣòro mi ni pé tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, tí mo ti kí wọn tán, iwájú àpótí ni mo máa ń lọ bẹ̀rẹ̀ sí. Mi ò lè ṣàìṣe é. Nígbà tí Màmá dé yìí gan-an sì ni abo wọ inú ìkòkò. Nígbà tó fi máa jáde, ẹyin ti wà níbẹ̀. Mo fi tọ́ọ̀ṣì wò ó láti ẹnu ìkòkò: akọ mi ti fi ara dí ọ̀nà, ó ń fi lẹbẹ fẹ́, ẹyin pupa rúsúrúsú so mọ́ ara wọn lẹ́yìn rẹ̀ bí ìdì ilẹ̀kẹ̀. Mo hó yèè. Mo pe gbogbo ilé. Ìyàwó mi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú rọra bẹ̀rẹ̀, ó wò ó, ó ní ó dáa. Ìyá rẹ̀ ò dìde níbi tí wọ́n jókòó sí.

Nígbà tí a jẹun tán ni wọ́n sọ tẹnu wọn. "Tí a bá ti sọmọ lórúkọ, màá mú ọmọ mi àti ọmọ rẹ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n á wà títí ọmọ á fi mọ̀ ọ́n jókòó."

"Kí ló ṣẹlẹ̀, mà?"

"Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ilé yìí há. Ẹja ló gba pálọ̀. Ọkùnrin tó ní iṣẹ́ lọ́wọ́, tó tún ní ẹja, níbo ló fẹ́ fi ọmọ sí?"

Mo wo ìyàwó mi. Abọ́ rẹ̀ ló ń wò. Nígbà tó ku àwa méjèèjì, ó ní, "Ẹ̀rù ń bà mí. Mi ò tọ́mọ rí. Ìwọ náà ò tọ́mọ rí. Màmá mọ̀ ọ́n ṣe." Òótọ́ ni.

Inú bí mi. Èèyàn tó máa ń tètè bínú ni mí, gbogbo Múṣín ló mọ̀. Àmọ́ kì í ṣe ìbínú nìkan ló wà níbẹ̀. Bàbá mi wa tírélà. Ìjọra ni wọ́n ti máa ń gbẹ́rù. Wọ́n á lọ, wọ́n á dé, wọ́n á tún lọ. Mo mọ ohùn fèrè ọkọ̀ wọn ju ohùn àwọn fúnra wọn lọ. Wọn kì í ṣe èèyàn burúkú, wọn ò kàn sí nílé ni. Látọjọ́ tí wọ́n ti gbé ẹ̀rọ lé ikùn ìyàwó mi tí mo gbọ́ bí àyà ọmọ ṣe ń lù kìkìkì, mo ti sọ fún ara mi pé ọmọ yìí á mọ ojú mi. Ọmọ tó bá lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ láìtíì lajú, tó wá dé nígbà tó ti mọ̀ ọ́n jókòó, ojú àlejò ló máa fi wò mí. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ irú rẹ̀ fún ìyá ìyàwó, ni mo bá lọ pààrọ̀ omi ẹja.

Ọ̀sán ni ìyàwó mi bí, nílé ìwòsàn kan ní Ìdí-Àràbà. Ọmọbìnrin. Irun kún orí rẹ̀ fọ́fọ́. Wọ́n gbé e fún mi, mo dì í mú bíi gíláàsì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, tí èèyàn ò mọ apá ibi tó mú. Ìyá ìyàwó mi wò mí títí, wọ́n wá gbà á lọ́wọ́ mi.

Nọ́ọ̀sì fún wa ní ibi ọmọ nínú ọ̀rá dúdú. Àwọn mìíràn máa ń fi sílẹ̀ níbẹ̀ o, ta ló ní ilẹ̀ nílùú Èkó? Màmá ò gbọ́ ìyẹn sétí. "Èkejì ọmọ ni," ni wọ́n wí. "Ilẹ̀ ilé bàbá rẹ̀ la máa sin ín sí." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi, torí ó ti ṣe díẹ̀ tí wọ́n ti pe ilé mi ní nǹkan tó dáa. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní, "Ìkòkò ńkọ́?" Mo ní, "Ó wà nílé, mà." Ẹ ò rí i? Mo tún un sọ. Mi ò rántí sọ pé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló wà.

Wọn ò tíì pẹ́ lọ tí nọ́ọ̀sì béèrè aṣọ òtútù ọmọ àti fúláàsì omi gbígbóná, àwọn nǹkan tí a gbàgbé sílé. Ìyàwó mi ti sùn lọ. Mo wọ kẹ̀kẹ́ márúwá, ó di ilé.

Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu nígbà tí mo dé. Mo ti mú fúláàsì lọ́wọ́ kí ojú mi tó lọ sára àpótí. Iyanrìn ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti rú, ibi tí ìkòkò wà ti ṣófo. Abo lẹ̀ mọ́ igi ní kọ̀rọ̀ kan. Mo ti ọwọ́ bọ omi dé èjìká, tọwọ́ taṣọ, mo wá gbogbo ìsàlẹ̀. Kò sí ìkòkò, kò sí akọ, kò sí ẹyin.

"Ta ló gbé ìkòkò mi!"

Gbogbo àdúgbò ló gbọ́. Láti ẹ̀yìnkùlé ni Màmá ti dáhùn pé kí ló dé. Sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi bo gbogbo àgbàlá wa, àfi ojú ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí igi ìbẹ́pẹ bàbá onílé wà. Ibẹ̀ ni mo bá wọn, wọ́n ti ká ìró sókè, wọ́n ń fi ọkọ́ gbẹ́ ilẹ̀. Ọ̀rá dúdú wà nílẹ̀ lábẹ́ ibòòji. Ìkòkò mi wà lórí sìmẹ́ńtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ kí omi lè ro tán.

"Ìkòkò wo?"

"Ìkòkò inú àpótí ẹja!"

"Ìkòkò tí ẹ ní ó wà nílé náà ni mo gbé. Mo wá gbogbo ilé ìdáná, òun nìkan ni mo rí. Mo da omi ẹ̀ nù, mo mì í dáadáa, mo ní kó gbẹ."

"Màmá! Ẹ ti pa wọ́n!"

Ìyá ìyàwó mi ni mo gbóhùn sókè mọ́ báyẹn o, ẹni tó jẹ́ pé ìdọ̀bálẹ̀ ni mo fi ń kí wọn. Bàbá onílé yọrí láti òkè, ó wò mí, ó mi orí, ó ti fèrèsé rẹ̀. Mi ò rí ti ẹnikẹ́ni rò. Mo gbé ìkòkò náà, mo yí ẹnu rẹ̀ sókè, mo tan iná fóònù sí i.

Ó wà níbẹ̀. Ó fi ẹnu lẹ̀ mọ́ ara ìkòkò, ó na lẹbẹ rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, ó fi gbogbo ara bo ẹyin. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lójú. Kò sí omi nínú ìkòkò mọ́ àfi ọ̀rinrin díẹ̀. Mo rò pé ó ti kú síbẹ̀ ni. Mo fi ìka kàn án nírù, ó ju ìrù mọ́ mi.

"Ó wà láàyè! Màmá, ó wà láàyè!"

Mo sá wọlé, wọ́n sá tẹ̀ lé mi tọkọ́tọkọ́. Mo rọra ri ìkòkò sínú omi, mo jẹ́ kí omi wọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀ kó má baà já wọn sílẹ̀. A jọ dúró. Kò mira. Mo ń pe Ọlọ́run lọ́kàn mi nítorí ẹja, ẹ sáà lè fi mí rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, lẹbẹ rẹ̀ kan mì. Èkejì náà mì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ wọn bíi ti tẹ́lẹ̀. Ni mo bá bú sẹ́kún. Mi ò mọ èyí tí mò ń sun, ti ẹja ni àbí ti ọmọ, àárẹ̀ ni àbí ayọ̀.

Ìyá ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ síwájú àpótí fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti dé.

"Mo da omi ẹ̀ nù, kò jáde?"

"Kò jáde, mà."

"Mo mì í."

"Ẹ ti sọ bẹ́ẹ̀, mà."

"Ìyá wọn ńkọ́?"

Mo nàka sí abo tó ń họ igi jẹ ní tiẹ̀. "Ó ti lọ tipẹ́. Bàbá ló máa ń dúró tì wọ́n. Kò ní jẹun títí wọ́n á fi jáde."

Wọ́n gbé ọkọ́ sílẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì mi, pẹ̀lú gbogbo erùpẹ̀ ara rẹ̀, wọ́n jókòó. Wọ́n ń wo ìkòkò náà bí wọ́n ṣe máa ń wo aṣọ tí wọ́n rán tí kò bá onítọ̀hún mu, tí wọn ò mọ ibi tí àṣìṣe ti wọlé. Ibẹ̀ ni mo ti rántí ariwo tí mo pa mọ́ wọn. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, omi ṣì ń ro lápá aṣọ mi.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí."

"Ẹ dìde," ni wọ́n wí. "Ẹ wá ìkòkò fún mi."

Mo fa páálí jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n wo páálí, wọ́n wò mí. "Ìkòkò wà nílé lóòótọ́," ni wọ́n wí, ẹnu wọn ya díẹ̀ bí ẹni fẹ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n mú èyí tó wù wọ́n. Èmi ni mo gba ọkọ́, mo gbẹ́ ilẹ̀ náà parí. Wọ́n gbé èkejì ọmọ sínú ìkòkò, wọ́n gbé e sílẹ̀, àwa méjèèjì fi ọwọ́ wọ́ erùpẹ̀ bò ó lábẹ́ igi ìbẹ́pẹ. Mo fọ ọwọ́ mi, mo mú fúláàsì, mo padà sí Ìdí-Àràbà.

A sọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ ò yí padà, kò sẹ́ni tó tún un dá sílẹ̀, àmọ́ mo rí báàgì ìyàwó mi tí wọ́n gbé wálẹ̀ láti orí kọ́bọ́ọ̀dù. Láràárọ̀ ni Màmá ń wẹ ọmọ. Wọ́n á na ẹsẹ̀ lórí àpótí ìjókòó kékeré, wọ́n á gbé ọmọ lé e, wọ́n á fi kànkàn fọ̀ ọ́, wọ́n á nà án lápá, wọ́n á nà án lẹ́sẹ̀, ariwo á sọ. Èmi á dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó wá gba owó iná. Tí wọ́n bá ṣe tán, wọ́n á kọjá lọ síwájú àpótí ẹja, ọmọ léjìká.

"Wọ́n ti pa?"

"Wọ́n ti pa, mà. Wọn ò tíì jáde."

"Bàbá wọn ò tíì jẹun?"

"Kò tíì jẹun."

Wọ́n á pòṣé. Mi ò mọ irú òṣé tó jẹ́.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n mú iná lọ láti àárọ̀, bátìrì ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi náà sì kú. Mo ti ṣọ́ọ̀bù sáré bọ̀ wálé ní ọ̀sán, mo ti sọ̀rètí nù lójú ọ̀nà. Mo bá ìyá ìyàwó mi níwájú àpótí, ọmọ wà lẹ́yìn wọn nínú ọ̀já, ife wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ń bu omi, wọ́n ń dà á padà láti òkè, kí atẹ́gùn lè máa wọ̀ ọ́. Ìyàwó mi ló sọ fún wọn pé bí mo ṣe máa ń ṣe é nìyẹn.

"Apá ti ń ro mí," ni wọ́n wí, láìbojú wẹ̀yìn. "Ẹ wá gbà á."

Mo gba ife. Wọn ò kúrò níbẹ̀. Wọ́n ń mi ọmọ lẹ́yìn, mò ń bu omi, títí iná fi dé.

Ìgbà tí àwọn ọmọ ẹja fi máa jáde, wọ́n pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. A kàn jí rí wọn lára gíláàsì ni, kékeré, kékeré, oníkálukú fi ẹnu lẹ̀ mọ́ ọn, ikùn wọn yọ sí wa. Bàbá wọn náà jáde, ó ti gbẹ, ó lọ sórí kùkúḿbà tí mo gé sómi fún wọn, ó jẹ ẹ́ bíi pé ẹnì kan fẹ́ gbà á lẹ́nu rẹ̀. Mo gbé elégédé ṣọ́ọ̀bù wálé. Màmá ló ń gé e, tí wọ́n ń bọ̀ ọ́ díẹ̀ kó lè rọ̀, wọn kì í jẹ́ kó tán nínú omi. Ìgbẹ́ ọmọ ẹja ò ṣe é fẹnu sọ. "Wọ́n ń yàgbẹ́ ju ọmọ tiwa lọ," ni wọ́n wí, ó sì jọ mí lójú pé wọ́n sọ pé ọmọ tiwa.

Ọjọ́ ìrìnàjò pé, ọjọ́ Sátidé. Báàgì ìyàwó mi àti ti ọmọ ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ti Màmá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, inú mi bàjẹ́ débi pé ìyàwó mi ń sọ̀rọ̀, mi ò gbọ́. Mo ti gbà á bẹ́ẹ̀. Mo tiẹ̀ ti ń ro iye ìgbà tí mo lè máa lọ wò wọ́n.

"Bàbá Ọmọ, ẹ wá."

Màmá ti gbé omi síbi tí wọ́n ti máa ń wẹ ọmọ. Wọ́n dìde lórí àpótí ìjókòó náà. "Ẹ jókòó. Ẹ na ẹsẹ̀." Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ọmọ ti wà lórí ẹsẹ̀ mi níhòòhò, ó ń wo òkè àjà. Wọ́n ki kànkàn bọ̀ mí lọ́wọ́. Mo da omi sí i lára, ó figbe ta. Ọṣẹ kó sí i lójú, igbe náà di méjì. Mo gbé e sókè sí wọn, wọ́n ká ọwọ́ sẹ́yìn.

"Ẹ má gbé e fún mi. Ẹ gbá a mú lọ́rùn. Ẹkún ló ń sun, kò sí ohun tó ṣe é."

Mo wẹ ọmọ mi. Òógùn bò mí ju omi lọ. Mo fi òrí pa á lára, mo nà án lápá bí wọ́n ṣe ní kí n nà án, mo wọ ṣòkòtò fún un lódìlódì, wọ́n ní kí n tún un wọ̀, mo tún un wọ̀. Ọmọ dákẹ́, ó ń mu ìka rẹ̀. Nígbà tí mo gbójú sókè, Màmá ti kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo gbọ́ ìyàwó mi nínú yàrá.

"Màmá, kí lẹ ń ṣe?"

"Mo ń tú ẹrù."

Wọ́n kó aṣọ rẹ̀ jáde nínú báàgì, wọ́n ń fi wọ́n kọ́ padà níkọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bíi ti oníbàárà. Ìyàwó mi wò mí, mo wò ó, kò sẹ́ni tó jẹ́ bi wọ́n léèrè kí wọ́n má baà yí ọkàn padà.

Báàgì tiwọn nìkan ni mo gbé dé gáràjì. Wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ọkọ̀ ò tíì kún. Mo dúró síta, mò ń wá ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́, wọ́n ti ṣáájú mi.

"Bàbá ìyàwó yín," ni wọ́n wí, ojú wọn ń wo iwájú, "mi ò lé e. Mi ò da omi ẹ̀ nù. Mi ò mì í. Ó kàn jáde ni."

Mo di irin fèrèsé ọkọ̀ mú.

"Ẹ jókòó tì wọ́n o," ni wọ́n wí.

"Mi ò ní jáde, Màmá."

Awakọ̀ tan ọkọ̀. Mo juwọ́ sí wọn títí wọ́n fi wọ títì, mo wá yára gba ọ̀nà ilé, torí ó ti tó àkókò tí gbogbo wọn máa jẹun.